Ọdún Tí Bàbá Mi Fọ Ohùn Àńpílífáyà Mọ́

Ní agbo ilé wa ní Ayédé, rédíò ló máa ń jí wa, àkùkọ ò ráyè. Bàbá mi, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Raufu ṣùgbọ́n tí gbogbo ìlú ń pè ní Bàbá Rédíò, a kírun àárọ̀ tán, a jókòó sórí àpótí rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í dán àwọn rédíò tó tún ṣe lánàá wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Òmíràn á máa ké bí ẹni tí ọ̀fun ń dùn. Òmíràn á kọ́kọ́ hó ṣàà bí epo gbígbóná kó tó rántí ọ̀rọ̀ sọ. Òmíràn á ka ìròyìn dé ìdajì, á sì dákẹ́ síbi tí ọ̀rọ̀ ti dùn jù, bàbá mi á sì fi ìka gbá a lórí bí ẹni ń jí ọmọ tó sùn nílé ìwé. Ìyá mi á ti máa gbálẹ̀ lẹ́yìnkùlé, èmi á ti gbé korobá, mo ti forí lé odò. Nígbà tí mo bá fi padà dé, Yèyé, ìyá tó bí bàbá mi, á ti sá kòkó sórí ẹní níwájú yàrá rẹ̀, á máa rìn lórí rẹ̀, á máa fi ẹsẹ̀ yí i, á sì máa kọ wákà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Wákà ni orin tí àwọn obìnrin Mùsùlùmí máa ń kọ níbi ayẹyẹ, Yèyé sì ni olórí àwọn tó ń kọ ọ́ ní Ayédé láti ìgbà tí bàbá mi ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Òyè ni mò ń gbé báyìí. Mò ń ta oúnjẹ tútù, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ló sì gba àwọn yàrá ẹ̀yìnkùlé mi. Ọmọlúàbí ni wọ́n, àfi tí ọwọ́ wọn bá ti tó sípíkà wọn. Kinní ọ̀hún kò ju agolo mílíìkì lọ, ṣùgbọ́n wọn a yí i sókè títí fèrèsé mi á fi máa gbọ̀n. Láìpẹ́ yìí mo lọ bá ọ̀kan nínú wọn, mo bi í pé orin tó ń gbọ́ yẹn, kí ni olórin náà ń sọ. Ó ronú, ó ní, “Màmá, mi ò mọ̀.” Mo ní èmi náà ò mọ̀, pé ẹ ti fún olórin lọ́rùn pa, ẹ wá ń jó lórí òkú rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó dín in kù. Bó ṣe dín in kù ni ohùn náà mọ́, àwa méjèèjì sì gbọ́ pé ìyá rẹ̀ ni olórin ń bẹ̀ pé kó dárí ji òun. Ọmọ náà wò mí, mo wò ó. Mo padà sídìí ẹ̀wà tí mò ń ṣà, mi ò sì rí nǹkan mìíràn rò ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ju bàbá mi lọ, àti ọdún tí mo ṣe wòlímọ̀.

Wòlímọ̀ ni ọjọ́ tí ọmọ tó ti ka Kùránì parí máa ń wọ aṣọ funfun, tí yóò gbé wàláà, pátákó tí a ń kọ kéwú sí, dání, tí yóò jókòó níwájú àwọn Ààfáà àti gbogbo ìlú, tí yóò sì kà á sókè kí wọ́n gbọ́. Tiwa nínú agbo ilé wa ní àfikún. Kí ọmọ tó la ẹnu, Yèyé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dìde, kó fi wákà dárúkọ ẹni tó lóyún ọmọ náà, ẹni tó gbẹ̀bí rẹ̀, ẹni tó pọ̀n ọ́n lọ sílé kéwú nígbà òjò, kó tó wá kan orúkọ ọmọ fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fún bàbá mi, bẹ́ẹ̀ ló ṣe fún àwọn ẹ̀gbọ́n mi. Kò sí ibi tí a kọ ọ́ sí, kò sì sẹ́ni tó fi dandan lé e, ṣùgbọ́n ọmọ tí Yèyé kò bá kọ orúkọ rẹ̀ lórin, lójú tiwa, bí ẹni tó wọlé láìkí ará ilé ni. Láti ìgbà tí mo ti wà ní súúrà kékeré, níbẹ̀rẹ̀ ilé kéwú, ni mo ti ń ronú ibi tí ohùn rẹ̀ yóò gbà tó bá dé orí orúkọ mi, “Rábíátù”. Mo máa ń kọ ọ́ fúnra mi lójú ọ̀nà odò, màá fa “Rábíátù” gùn títí èémí mi á fi tán.

Ọdún tó ṣáájú tèmi ni nǹkan bàjẹ́. Mọ́sáláṣí ti ra àńpílífáyà, àpótí irin kan tó ń gba ohùn ẹni sínú láti ẹnu máìkì, tó sì ń gbé e jáde ní ńlá láti ẹnu hóònù méjì tí wọ́n gbé kọ́ sórí òpó. Inú ìlú dùn sí i. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin mọ́sáláṣí ló ń tọ́jú rẹ̀, ọ̀nà kan ṣoṣo tí wọ́n sì mọ̀ láti fi lò ó ni kí wọ́n yí bọ́tìnnì rẹ̀ títí kò fi ní ibi tí yóò yí sí mọ́. Lọ́jọ́ wòlímọ̀ ọmọ àbúrò bàbá mi, Yèyé gba máìkì, ó la ẹnu, ohun tó sì jáde láti inú hóònù kì í ṣe orin. Ó ń ya, ó ń fọ́, ó ń dún wààràwà bí ìgbà tí a ń wọ́ ìkòkò fífọ́ lórí àpáta. Àwọn àlejò tó wá láti Ìrè rò pé ìjà ló bẹ́. Ọmọ kan ké bí ewúrẹ́ láàárín èrò, ẹ̀rín sì ta. Yèyé gbé máìkì sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó wọ bàtà rẹ̀, ó lọ sílé láìfọwọ́ kan iyán. Nígbà tí àwọn obìnrin lọ bẹ̀ ẹ́, ó sọ fún wọn pé, “Ohùn mi kọ́ ni kinní ọ̀hún. Mi ì níí kọrin sínú agolo mọ́ láyé mi.”

Àwọn kan ní kó kúkú máa kọ ọ́ láìlo máìkì, bí wọ́n ti ń ṣe láyé àtijọ́. Èsì rẹ̀ kò gùn. Ó ní láyé àtijọ́, èrò wòlímọ̀ kì í ju àwọn tó lè jókòó sábẹ́ igi ọsàn kan lọ, ọ̀fun òun sì ń gbé òkè nígbà náà. Nísinsìnyí tí ọkọ̀ ń kó èrò wá láti Òyè àti Ìkọ̀lé, ta ni yóò gbọ́ òun? Orúkọ tí àwọn tó wà níwájú nìkan bá gbọ́, ó ní, ọ̀rọ̀ àṣírí ni, kì í ṣe orin. Nítorí náà, nígbà tí Ààfáà mi sọ fún ìyá mi pé mo ti ka tèmi já, pé lẹ́yìn ìkórè kòkó ni wọn yóò ṣe wòlímọ̀ mi, ìyá mi dúpẹ́ tán, ó wọ yàrá lọ, mo sì gbọ́ tí ó ń fa imú. Bàbá mi gbọ́ ọ pẹ̀lú. Ó lọ sí mọ́sáláṣí lọ́jọ́ kejì, ó tọrọ àńpílífáyà, ó sì rù ú wálé lórí ara rẹ̀ bí ẹni ru iṣu.

Bí ẹ bá ti rí bàbá mi rí nídìí rédíò, ẹ̀yin náà á mọ̀ pé kò ní ìkánjú kankan. Ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ nìyí: ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ó tú ìdérí àńpílífáyà, ó sì jókòó tì í fún ìgbà pípẹ́, ó kàn ń wò ó. Mo jókòó ti òun náà, mò ń re ẹ̀gúsí. Mo bi í pé kí ló ṣe é tó fi ń fọ́ ohùn. Ó ní iṣẹ́ ẹ̀rọ yìí ni kó gba ohùn kékeré, kó sọ ọ́ di ńlá láìyí i padà, ṣùgbọ́n ó ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ó nawọ́ sí yàrá Yèyé, tí àjà rẹ̀ kò ga. “Ṣé ọ rí ulé Yèyé yẹn? Bí ẹni gíga bá nàró níbẹ̀, orí rẹ̀ a gbá àjà. Ohùn náà rè é. Uṣẹ́ tí ẹ̀rọ yìí lè ṣe dé ibì kan, ó tán. Bí a bá tún ń yí i sókè, orí ohùn ni à ń gé dànù.” Mo ní ṣé orí ohùn Yèyé ni wọ́n wá ń gé lọ́jọ́ yẹn. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, orí àti ẹsẹ̀.

Ohun tí kò jẹ́ kí n gbàgbé ọdún yẹn ni pé gbogbo nǹkan inú ilé ló di nǹkan àńpílífáyà. Nínú àpótí náà, ní ìparí ọ̀nà tí ohùn ń gbà jáde, tíránsítọ̀ méjì, ẹ̀yà kékeré tó ń fi kún agbára ohùn, ló wà, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kan. Ọ̀kan ń ti ohùn lọ, èkejì ń fà á bọ̀. Bàbá mi ń gbìyànjú láti ṣàlàyé ìyẹn fún wa, kò sẹ́ni tó yé, títí di ọjọ́ kan tí ìyá mi àti ìyàwó àbúrò bàbá mi, Ìyá Súfí, ń gún iyán pọ̀ nínú odó kan. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Èkìtì: kí ọmọ odó ẹnì kan tó gbéra tán, ti ẹnì kejì ti ń bọ̀ nílẹ̀, ìró rẹ̀ á sì máa lọ gún-ún, gún-ún láìjá. Ọwọ́ ń dun Ìyá Súfí lọ́jọ́ náà. Tirẹ̀ ń pẹ́ kó tó dé, ìró náà ń já, ọmọ odó méjèèjì sì ń fẹ́ gbá ara wọn. Bàbá mi fò dìde láti ìdí iṣẹ́ rẹ̀, ó ní ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ mọ́sáláṣí gan-an nìyẹn. Ẹni tó ti tún un ṣe rí ti fi tíránsítọ̀ tí kò bá èkejì rẹ̀ dọ́gba sí i, ọ̀kan sì ń sùn lọ kí wọ́n tó pè é. Ìyá Súfí ní kó má fi òun ṣe àpèjúwe, kó wá gba ọmọ odó lọ́wọ́ òun tó bá mọ̀ ọ́n gún. Ó sì gbà á ní tòótọ́, ó gún un tán, a jẹ iyán bàbá mi pẹ̀lú ọbẹ̀ ìṣapá lọ́jọ́ náà. Kókó díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sọ ọ́.

Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń wá ìbejì. Ó tú gbogbo rédíò tó ti kú nínú ilé, ó ń yọ tíránsítọ̀ inú wọn, ó ń wọn agbára wọn wò ní méjì méjì bí ẹni ń ṣa bàtà nínú òkìtì. Nígbà tó rí méjì tó bára mu, ó jó wọn mọ́ ibẹ̀ pẹ̀lú lẹ́ẹ̀dì, òjé tí wọ́n ń yọ́, ó sì tún ọ̀nà ṣe tí iná díẹ̀ yóò fi máa kan àwọn méjèèjì nígbà gbogbo, kí ọ̀kankan wọn má baà sùn mọ́. Ó pààrọ̀ àwọn wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ sí èyí tó nípọn. Ó bẹ awakọ̀ kan tó ń ná Òyè kó yá òun ní bátìrì tó lágbára, torí ó ní ẹ̀rọ tí ebi ń pa kò lè kọrin. Ṣùgbọ́n àwọn tíránsítọ̀ náà ń gbóná débi pé mo fọwọ́ kàn wọ́n, mo sì sá. Wọ́n nílò irin fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí ooru yóò máa gbà jáde lára wọn. Ẹ̀yìn èyí ni ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdérí ìkòkò rẹ̀ tó tóbi jù. Ó bi èmi, ó bi Súfí, ó bi ìyàwó Lèmọ́mù tó yá a gbẹ̀yìn, ó sì fẹ́ bá ìyẹn jà díẹ̀. Nígbà tó tó ọjọ́ mélòó kan ló yọjú wo inú àńpílífáyà, tó rí ìdérí rẹ̀ níbẹ̀, tí wọ́n ti gé e sí wẹ́wẹ́. Kò pariwo. Ó kàn ń fi àwo bo ọbẹ̀ bàbá mi láti ọjọ́ náà, àwo tó kéré jù, kí eruku lè rí ibi bà lé.

Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀, nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀rọ padà sí mọ́sáláṣí, ohùn mọ́ nítòsí, ṣùgbọ́n àwọn ará Òkè Ọjà lápá ìsàlẹ̀ ìlú kò gbọ́ ọ dáadáa. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin bá tún yí i sókè, ohùn sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Mo rí i pé ó dun bàbá mi. Ó jókòó sílé lọ́jọ́ kan tí kò fọwọ́ kan rédíò kankan, èyí tí mi ò rí rí. Ní ọjọ́ kejì ó ní kí n tẹ̀ lé òun, a jọ rìn yí mọ́sáláṣí ká nígbà tí wọ́n ń pe ìrun Ásàrì ní ìrọ̀lẹ́. Níwájú, lápá ibi tí oòrùn ti ń yọ, etí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ di. Lẹ́yìn, lápá ìlú, ìpè náà dà bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá kejì. Bàbá mi dúró, ó gbójú sókè wo hóònù méjèèjì, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Gábásì ni ẹnu wọn kọ sí. Ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé wọn kọ́, àwọn àgbà ti pàṣẹ pé a kì í kẹ̀yìn ìpè Ọlọ́hun sí ibi tí a ń kọjú sí kírun. Ìhà gábásì ní Ayédé sì rèé, àpáta ló wà níbẹ̀, àti oko iṣu. Gbogbo agbára tí bàbá mi ti ń wá láti ìgbà òjò, àpáta ló ń gbé e jẹ.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ọmọdé lè sọ fún Lèmọ́mù, àgbàlagbà pàápàá ní láti múra kó tó sọ ọ́. Bàbá mi wẹ̀, ó wọ aṣọ, ó mú mi dání, bóyá torí pé wòlímọ̀ mi ló fẹ́ fi bẹ̀bẹ̀. Lèmọ́mù ìgbà náà jẹ́ bàbá àgbà tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí kì í tètè fèsì. Bàbá mi lóṣòó, ó ṣàlàyé bí ohùn ṣe ń lọ tààrà láti ẹnu hóònù bí omi láti ẹnu kẹ́tù àlùwàlá, ó ní bí a bá lè yí ẹnu wọn sí ìlú, a ò ní nílò ju ìdajì agbára ẹ̀rọ lọ, ìdajì yẹn sì ni kò ní àbàwọ́n. Àwọn àgbà tó jókòó níbẹ̀ kùn. Ọ̀kan ní bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, pé lọ́la wọn yóò ní kí a yí mọ́sáláṣí náà padà. Lèmọ́mù wá sọ̀rọ̀ pé, “Ọlọ́hun gbọ́ ti ẹni tí kò sọ̀rọ̀. Àwọn ará Òkè Ọjà ni kò gbọ́. Ẹ yí i sí wọn.” Ibi tí ọ̀rọ̀ parí sí nìyẹn. Àgbà tó kùn náà ló di àkàbà mú nígbà tí wọ́n ń yí i.

Ó wá ku Yèyé. Bàbá mi kò bẹ̀ ẹ́. Ó kàn ní kí èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan lọ síwájú máìkì ní ìrọ̀lẹ́ Àlàmísì, kí a kọ orin ilé kéwú, òun fúnra rẹ̀ sì fi bọ́tìnnì sí ìdajì, ó jókòó tì í kí ẹnikẹ́ni má baà fọwọ́ kàn án. Lápá ibi tí a wà, ohùn wa kò tilẹ̀ ń pariwo. Mo rò pé kò ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n Yèyé, tó wà nílé lápá ìsàlẹ̀ ìlú, tó ń kó kòkó wọlé nítorí òjò, gbọ́ wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí mo délé, ó pè mí, ó ní mo fo ọ̀rọ̀ kan nínú ìlà kejì. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ìmí mi kúrú, kí n máa mí kí n tó dé ibi gíga. Lẹ́yìn náà, láìwo ojú bàbá mi, ó sọ fún ìyá mi pé kó bá òun wá ìborùn òun funfun. Ìyá mi wá a kíákíá. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni ìyá mi kọ́kọ́ fi àwo ńlá bo ọbẹ̀ bàbá mi.

Ọjọ́ wòlímọ̀ mi, oòrùn ràn dáadáa. Mo wọ funfun láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n lé tìróò sí mi lójú, ìyá mi sì ń tún ìborùn mi ṣe bí ẹni pé yóò sá lọ. Èrò kún pápá mọ́sáláṣí, àwọn ará Ìrè wá, àwọn ará Odò-Orò wá, àwọn tó rẹ́rìn-ín lọ́dún tó kọjá wà níbẹ̀, mo dá ojú wọn mọ̀. Bàbá mi jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àńpílífáyà, ọwọ́ rẹ̀ lórí itan. Yèyé dìde láàárín àwọn obìnrin rẹ̀, ó gba máìkì. Ó kọ́kọ́ mí, gbogbo pápá sì gbọ́ mímí náà, débi pé àwọn tó ń sọ̀rọ̀ dákẹ́. Ó wá bẹ̀rẹ̀:

“Ẹ wá bá mi yọ̀, ọmọ ulé wa kà á já,
Ọmọ Sàláwà, ọmọ àfẹ̀yìn-ru-òjò-lọ-kéwú…”

Sàláwà ni orúkọ ìyá mi. Ohùn náà mọ́. Kò ya, kò fọ́, kò hó. Kò sí ohun tó wà láàárín ètè Yèyé àti etí wa mọ́. Ohun tí a sì gbọ́ ni ohùn arúgbó. Ó ń gbọ̀n nígbà tó bá gùnkè. Ó ń já ní ìparí ìlà. Àárín ọ̀rọ̀ kan sí èkejì, èémí rẹ̀ ń wọ́ bí ẹni gun òkè. Lọ́dún tó kọjá, gbogbo wa, àti òun náà, ti di gbogbo rẹ̀ ru ẹ̀rọ. Òótọ́ ni pé ẹ̀rọ jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí tí bàbá mi ti fọ ti ẹ̀rọ kúrò, ìyókù wà níbẹ̀, kò sì sí ibi tí a lè tì í sí. Yèyé dákẹ́ láàárín ìlà kẹta. Mo rí i tó gbójú sókè sí hóònù, ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀. Kò tíì gbọ́ ara rẹ̀ báyẹn rí láyé rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìyẹn gan-an ló burú jù, àánú ló wà lójú wọn. Lèmọ́mù, ẹni rere ni, fi ọwọ́ ṣe àmì sí bàbá mi kó yí i sókè. Ohun tó ní lọ́kàn yé gbogbo wa. Bí ariwo bá bo ohùn náà mọ́lẹ̀, wọn á tún ní ẹ̀rọ ni, Yèyé á sì lọ sílé pẹ̀lú ọlá rẹ̀. Mo wo bàbá mi. Iṣẹ́ tó fi gbogbo ìgbà òjò ṣe wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ìyá tó bí i sì dúró níwájú ìlú láìlè sọ̀rọ̀. Omi ti lé sí i lójú. Ó na ọwọ́, ó di bọ́tìnnì mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí i. A gbọ́ ọ tí hóònù bẹ̀rẹ̀ sí í hó ṣàà. Yèyé náà gbọ́ ọ. Ó yí ojú sí i, máìkì ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, gbogbo Ayédé sì gbọ́ ohun tó sọ.

“Raufu, mọ́ fọwọ́ kàn án. Èmi rè é.”

Bàbá mi dá bọ́tìnnì padà síbi tó wà, ó sì gbé ọwọ́ kúrò. Yèyé tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó sì bẹ̀rẹ̀ orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò gbìyànjú láti gbé e ga mọ́. Ó fi sílẹ̀ níbi tí ọ̀fun rẹ̀ lè dé, ó jẹ́ kó gbọ̀n níbi tó bá ti fẹ́ gbọ̀n, àwọn obìnrin rẹ̀ sì ń gbè é ní pẹ̀lẹ́ kí wọ́n má baà bò ó. Ó dárúkọ ìyá mi. Ó dárúkọ ẹni tó gbẹ̀bí mi, tó ti kú, ọmọ rẹ̀ kan sì sọkún láàárín èrò. Nígbà tó dé orí tèmi, ohùn rẹ̀ já ní àárín “Rábíátù”. Ó dúró. Ó mí, a gbọ́ ọ, títí dé Òkè Ọjà ni wọ́n gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ló tún un pè látòkè délẹ̀, kò fo ìró kan, mo sì ń sunkún débi pé wọ́n ní láti dúró dè mí kí n tó lè kà.